Gálọ́ọ̀nù Ti Ta Lẹ Fi Wọ̀n Ọ́n?

Garawa kan wà lẹ́yìnkùlé àǹtí mi àgbà ní Kẹ́mta, ní Abẹ́òkúta, níbi tí wọ́n ti ń rẹ aṣọ láró. Ó ti pẹ́ láyé. Ìpẹtà ti jẹ etí rẹ̀, aró sì ti mu inú rẹ̀ débi pé kò sẹ́ni tó lè sọ àwọ̀ tó ní nígbà tó wà ní tuntun. Ọ̀dọ̀ ìyá wọn ni wọ́n ti jogún rẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo bi wọ́n pé báwo ni omi tó ń gbà ṣe pọ̀ tó, wọn ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó dá mi lóhùn.

"Gálọ́ọ̀nù mẹ́rin ni. Garawa kẹrosíìnì ayé ìjọ́un nìyẹn. Gálọ́ọ̀nù mẹ́rin ni ìyá wa ń pè é, òun náà làwa náà ń pè é."

Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Ọmọ àbúrò wọn tó wà ní Amẹ́ríkà náà ò sì parọ́, nígbà tó di èròjà aró sínú ọ̀rá, tó fi rán ẹni tó ń bọ̀ nílé, tó kọ ọ́ sí i lára pé omi gálọ́ọ̀nù 4 ni ká pò ó mọ́. Èmi ni mo ka ìwé náà sí àǹtí mi létí. Wọ́n pọn garawa kan géérégé, wọ́n da èròjà sí i, wọ́n rò ó, wọ́n ki aṣọ bọ̀ ọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é láti ìgbà ọmọge wọn. A yọ aṣọ jáde, a sá a sí atẹ́gùn, a dúró kó dúdú. Kò dúdú. Àwọ̀ tó mú wá ò ju ti ojú ọ̀run ìdájí lọ, bẹ́ẹ̀ aṣọ oníbàárà ni, ọ̀pá 5 lọ́nà mẹ́ta.

"Ọmọ mi, ìwọ lo kàwé," wọ́n ní. "Kí ló ṣe omi wa?"

Ilẹ̀ ọjọ́ náà ṣú kí n tó rí ìdáhùn. Gálọ́ọ̀nù 4 ti Amẹ́ríkà jẹ́ lítà 15.14. Gálọ́ọ̀nù 4 ti garawa jẹ́ lítà 18.18. Lítà 3 omi la fi lé, ìyẹn ọ̀rá píọ̀ wọ́tà mẹ́fà. Aró yẹn ti là kí aṣọ tó dé ibẹ̀. Ẹni méjì sọ òótọ́ nípa gálọ́ọ̀nù mẹ́rin, aṣọ sì bàjẹ́ láàárín òótọ́ méjèèjì. Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí lọ́kàn, torí mo mọ̀ pé kì í ṣe àwa nìkan ló ń ṣẹlẹ̀ sí. Aláró ń bá a pàdé, mẹkáníìkì ń bá a pàdé, ìyá ọlọ́mọ tó ń po mílíìkì fún ìkókó náà ń bá a pàdé.

Ohun tó ń da orí rú ni pé gálọ́ọ̀nù tí à ń pè ní Abẹ́òkúta yìí, ó kéré tán, nǹkan mẹ́rin ni. Àkọ́kọ́ ni ti Gẹ̀ẹ́sì, èyí tí àwọn àgbà wa kọ́ nílé ìwé, tó jẹ́ lítà 4.546. Èkejì ni ti Amẹ́ríkà, lítà 3.785. Ẹ̀kẹta ni èyí tí ẹ óò rà ní ṣọ́ọ̀bù ọ̀dà tàbí ti òróró ẹ́ńjìnnì, tí wọ́n ń pè ní gálọ́ọ̀nù kan ṣùgbọ́n tó jẹ́ pé lítà 4 gan-an ni wọ́n kọ sí i lára. Ẹ̀kẹrin kì í tilẹ̀ ṣe òṣùwọ̀n rárá: ike aláwọ̀ yẹ́lò tí wọ́n fi ń ta epo pupa ní Láfẹ́nwá àti Kútọ̀ ni, tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń pè ní gálọ́ọ̀nù tàbí kẹ́ẹ̀gì, tó sì ń gba lítà 25. Bí ẹnìkan bá ní "bá mi ra gálọ́ọ̀nù epo kan bọ̀", ojú ọ̀rọ̀ nìkan ni ẹ fi máa mọ̀ bóyá lítà 4 ló ń wí ni o, tàbí 25.

Báwo ni orúkọ kan ṣe wá di ti ìwọ̀n méjì lọ́wọ́ àwọn òyìnbó tó ń sọ èdè kan náà? Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn ò ní gálọ́ọ̀nù kan ṣoṣo nígbà kan rí. Ti wáìnì wà lọ́tọ̀, ti bíà wà lọ́tọ̀, ti ọkà náà wà lọ́tọ̀. Ní ọdún 1707, nígbà Ọbabìnrin Anne, wọ́n fi òfin gbé gálọ́ọ̀nù wáìnì kalẹ̀. Ẹ fojú inú wo àpótí kékeré kan tí ìbú, ìgùn àti ìga rẹ̀ jẹ́ íǹṣì kọ̀ọ̀kan; irú àpótí bẹ́ẹ̀ 231 ló kún gálọ́ọ̀nù wáìnì yẹn. Òun ni àwọn ará Amẹ́ríkà ń lò nígbà tí wọ́n kéde òmìnira ní 1776, wọn ò sì jù ú sílẹ̀ títí dòní. Nígbà tó di 1824, Gẹ̀ẹ́sì da àwọn gálọ́ọ̀nù àtijọ́ nù, wọ́n gbé tuntun kan dìde: omi tí ìwúwo rẹ̀ jẹ́ pọ́ùn 10. Amẹ́ríkà ò sí lábẹ́ wọn mọ́, wọn ò sì bá wọn lọ. Àwa tí Gẹ̀ẹ́sì wá jọba lé lórí lẹ́yìn náà, gálọ́ọ̀nù ti 1824 yìí ni wọ́n gbé dé ọ̀dọ̀ wa. Òun ni wọ́n fi ń ka garawa epo pupa ayé ìjọ́un, òun ló wà lẹ́nu àǹtí mi.

Nàìjíríà ti fi í sílẹ̀ tipẹ́. Láàárín ọdún díẹ̀ ni ìjọba yí ohun púpọ̀ padà: ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin 1972 la bọ́ sí apá ọ̀tún títì, ní ọjọ́ 1 oṣù Kìíní 1973 ni pọ́ùn àti ṣílè di náírà àti kọ́bọ̀, ní 1974 ni òfin òṣùwọ̀n sì jáde tí lítà, kílò àti mítà fi di ti ìjọba. Ṣùgbọ́n garawa ò ka òfin. Ó ṣì wà lẹ́yìnkùlé, orúkọ rẹ̀ ṣì ni gálọ́ọ̀nù mẹ́rin. Lẹ́yìn náà ni ẹrù Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí wọlé, mọ́tò tòkúnbọ̀, ẹ̀rọ, ìgò oúnjẹ ọmọ, àti ìlànà oríṣiríṣi lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, gbogbo wọn pẹ̀lú gálọ́ọ̀nù tiwọn.

Ọ̀nà tí mo gbà ń yanjú rẹ̀ ni pé n kì í sọ gálọ́ọ̀nù kan di gálọ́ọ̀nù mìíràn. Mo kọ́kọ́ máa ń sọ ohunkóhun tí wọ́n bá gbé wá di lítà, torí lítà kan náà ni lítà nílùú òyìnbó, ní Ṣáínà àti ní Ìtòkú. Ẹni tó bá ti dé orí lítà ti dé ilẹ̀ gbígbẹ. Kò sì gba kọ̀ǹpútà. Bó bá jẹ́ gálọ́ọ̀nù Gẹ̀ẹ́sì, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́rin, kí ẹ wá fi ìdajì iye gálọ́ọ̀nù náà lé e. Gálọ́ọ̀nù 7, ẹ ní mẹ́rin lọ́nà méje, 28. Ìdajì méje, 3.5, àpapọ̀ 31.5. Ìṣirò tó péye jẹ́ 31.82, ẹ ò jìnnà sí i rárá. Bó bá jẹ́ ti Amẹ́ríkà, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́rin náà, ṣùgbọ́n ẹ yọ ìdá kan nínú ogún kúrò. Gálọ́ọ̀nù 7, ó di 28. Ìdá kan nínú ogún rẹ̀ jẹ́ 1.4, ó ku 26.6. Èyí tó péye jẹ́ 26.5.

Bí ẹ bá sì fẹ́ mọ bí gálọ́ọ̀nù méjèèjì ṣe rí síra wọn, ọ̀kan péré ni kí ẹ fi sórí: márùn-ún ti Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ mẹ́fà ti Amẹ́ríkà. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má yẹ̀ rárá. Márùn-ún ti Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ lítà 22.73, mẹ́fà ti Amẹ́ríkà jẹ́ lítà 22.71. Èyí ló ń jẹ́ kí dúrọ́ọ̀mù irin kan náà ní orúkọ méjì. Gẹ̀ẹ́sì á ní dúrọ́ọ̀mù gálọ́ọ̀nù 44, Amẹ́ríkà á ní dúrọ́ọ̀mù gálọ́ọ̀nù 55, ẹni tí kò mọ̀ á rò pé ọ̀kan tóbi ju èkejì lọ fíìfíì. Dúrọ́ọ̀mù yẹn náà ni, èyí tó ń gba nǹkan bí lítà 200 tàbí díẹ̀ lé, tí àwọn kan ń gbé sábẹ́ òṣòòrò lẹ́yìn ilé láti gbe omi òjò.

Mẹkáníìkì kan ní Panṣẹ́kẹ́ ni mo kọ́kọ́ ṣàlàyé eléyìí fún. Mọ́tò tó wà níwájú rẹ̀ ti Amẹ́ríkà wá, ìwé tó bá a wá sì sọ pé kúọ́ọ̀tì 5 ni òróró tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń gbà. Kúọ́ọ̀tì mẹ́rin ló wà nínú gálọ́ọ̀nù kan, ti Amẹ́ríkà sì jẹ́ lítà 0.946. Márùn-ún rẹ̀ jẹ́ lítà 4.73. Gálọ́ọ̀nù òróró tí à ń rà ní ṣọ́ọ̀bù jẹ́ lítà 4 péré, ó ku bí ìgò omi 75 sẹ́ńtílítà kan kó tó pé. Ẹni tó bá da gálọ́ọ̀nù kan sí i tó sì tìlẹ̀kùn bónẹ́ẹ̀tì, ẹ́ńjìnnì ń jẹ gbèsè nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ náà ni bí wọ́n bá ní mọ́tò kan ń rìn máìlì 30 lórí gálọ́ọ̀nù kan: bó bá jẹ́ gálọ́ọ̀nù Amẹ́ríkà, kìlómítà 12.75 ló ń rìn lórí lítà kan. Ní ẹnu ará Ìlú Ọba, mọ́tò yẹn kan náà ń rìn máìlì 36.

Ibi tó kéré ni ọ̀rọ̀ yìí ti léwu jù, ó sì yẹ ká dúró níbẹ̀ díẹ̀.

Píńtì mẹ́jọ ló wà nínú gálọ́ọ̀nù, yálà ti Gẹ̀ẹ́sì tàbí ti Amẹ́ríkà. Nítorí náà píńtì Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ mìlílítà 568, ti Amẹ́ríkà jẹ́ 473. Ibẹ̀ ṣì yé èèyàn. Lábẹ́ píńtì ni áúńsì wà, tí wọ́n ń kọ sí ara ìgò ní oz. Gẹ̀ẹ́sì pín píńtì tiwọn sí áúńsì 20, Amẹ́ríkà pín tiwọn sí 16. Ó wá di pé áúńsì Amẹ́ríkà ló tóbi díẹ̀, mìlílítà 29.57, ti Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ 28.41. Orílẹ̀-èdè tí gálọ́ọ̀nù rẹ̀ kéré ni áúńsì rẹ̀ tóbi. Bí ẹ bá gbàgbé gbogbo rẹ̀, ẹ rántí pé áúńsì kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mìlílítà 30.

Áúńsì tún ní ọ̀rẹ́ kan tí wọ́n jọ ń jẹ́ orúkọ. Áúńsì ìwúwo wà, èyí tó jẹ́ gíráàmù 28.35, tí wọ́n fi ń wọn nǹkan gbígbẹ. Àtòjọ èròjà láti Amẹ́ríkà lè ní omi áúńsì 8 àti ìyẹ̀fun áúńsì 8. Ti omi, inú ife ni wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n. Ti ìyẹ̀fun, orí òṣùwọ̀n kílò ni. Bí ẹ bá rí "fl" níwájú oz, ohun olómi ni, inú ife tàbí ìgò ló ń lọ. Bí ẹ ò bá rí i, ẹ bi ara yín bóyá ohun tí wọ́n ń wí ń ṣàn.

Ìgò oúnjẹ ìkókó ní ìlà méjì lára, oz lápá kan, ml, ìyẹn mìlílítà, lápá kejì. Ìmọ̀ràn mi fún àwọn ìyá ni pé kí wọ́n gbájú mọ́ apá ml. Agolo mílíìkì yóò sọ pé ṣíbí kan fún mìlílítà báyìí, iye náà sì yàtọ̀ láti agolo dé agolo. Ẹ kà á lára agolo tó wà lọ́wọ́ yín. Ẹ má fi ti ọmọ ìṣáájú lò ó.

Àwa ará Nàìjíríà tún ní tiwa, ìyẹn sẹ́ńtílítà. Ẹ wo ara ọ̀rá píọ̀ wọ́tà, 50cl. Ẹ wo ìgò omi, 75cl. Ìgò mínírà, 35cl tàbí 50cl. Ìgò oògùn àti ìgò oúnjẹ ìkókó ni ẹ ti sábà máa ń rí ml. Sẹ́ńtílítà kan jẹ́ mìlílítà mẹ́wàá. Ọgọ́rùn-ún sẹ́ńtílítà ni lítà kan, ẹgbẹ̀rún mìlílítà náà ni lítà kan. Nítorí náà 75cl ni 750ml, 50cl ni ìdajì lítà, àpò píọ̀ wọ́tà ológún sì jẹ́ lítà 10. Lẹ́tà kan péré ló ya cl àti ml, c àti m, ṣùgbọ́n ìlọ́po mẹ́wàá ló wà láàárín wọn. Oògùn 5ml tí ẹnìkan bá kà sí 5cl ti di 50ml, ìyẹn sì tó láti pa ọmọdé lára gidigidi.

Ṣíbí náà ńkọ́? Lórí oògùn olómi, ṣíbí kékeré túmọ̀ sí 5ml, ṣíbí ńlá túmọ̀ sí 15ml. Oníṣègùn tó sọ bẹ́ẹ̀ ní ìwọ̀n lọ́kàn, kò ní ṣíbí ilé yín lọ́kàn. Lọ́jọ́ kan mo mú síríǹjì tí kò ní abẹ́rẹ́, mo kó ṣíbí kékeré mẹ́ta nínú ilé ìdáná àǹtí mi, mo fa omi inú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan gba 3ml àti ààbọ̀. Ọ̀kan gba 5ml gan-an. Ẹ̀kẹta, tí gbogbo wa ń pè ní ṣíbí ìpotíì, gba 7ml. Ilé kan náà, abọ́ ṣíbí kan náà. Ẹni tó bá lo ti kẹta yóò fún ọmọ ní ìlọ́po méjì ohun tí ẹni tó lo ti àkọ́kọ́ fún un. Ife kékeré tàbí síríǹjì tí wọ́n fi sínú páálí oògùn, ẹ má jù ú nù.

Ohun kan ṣì kù lórí oògùn tí mo fẹ́ kí gbogbo òbí mọ̀. Parasítámọ̀ olómi kì í ṣe oríṣi kan. Èyí tó wọ́pọ̀ ní mìlígíráàmù 120 tàbí 125 nínú 5ml. Ti ìkókó, tí wọ́n ń kán sí wọn lẹ́nu, lè ní 100 nínú 1ml ṣoṣo. 5ml nínú ti ìkókó yìí di mìlígíráàmù 500, ìlọ́po mẹ́rin ti àkọ́kọ́. Ìgò kékeré ni, ẹni tó bá wò ó á rò pé oògùn inú rẹ̀ ló fúyẹ́ jù. Mìlílítà sọ bí omi oògùn ṣe pọ̀ tó, mìlígíráàmù sọ bí oògùn inú omi náà ṣe pọ̀ tó. Ẹ ka méjèèjì, bí kò bá sì yé yín, ẹ padà sọ́dọ̀ ẹni tó tà á fún yín kó ṣàlàyé.

Ọ̀rá iyọ̀ àti ṣúgà tí wọ́n ń fún ọmọ tó ń yàgbẹ́ gbuuru, ORS, ìwọ̀n omi ni gbogbo agbára rẹ̀. Bí wọ́n bá kọ lítà 1 sí i lára, omi lítà 1 ni. Píọ̀ wọ́tà 50cl méjì géérégé nìyẹn, kò lé, kò dín. Omi tó bá kéré jù á jẹ́ kí iyọ̀ pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ nínú ara ọmọ tí omi ti gbẹ lára rẹ̀. Èyí tó bá pọ̀ jù kò ní ṣiṣẹ́ tó.

Mo gbọ́dọ̀ ya lítà àti kílò sọ́tọ̀ kúrò lára wọn, torí ọjà ti sọ wọ́n di tẹ̀gbọ́n-tàbúrò. Omi ló dà wọ́n pọ̀: lítà omi kan jẹ́ kílò kan, tàbí kó kù bíńtín. Omi nìkan ló rí bẹ́ẹ̀. Epo pupa fúyẹ́ ju omi, ìdí rẹ̀ nìyẹn tó fi ń léfòó lórí ọbẹ̀. Lítà epo kan jẹ́ nǹkan bíi gíráàmù 910, nítorí náà kẹ́ẹ̀gì lítà 25 tó kún jẹ́ kílò 23 tàbí kó má tó o díẹ̀, láìka ike fúnra rẹ̀. Oyin wúwo ju omi lọ: lítà kan tó kílò 1.4, ìgò 75cl kan lé díẹ̀ ní kílò kan. Ẹni tó bá fi kílò ra epo tó sì fi lítà tà á láìṣírò kò lè mọ èrè rẹ̀.

Bí ẹ bá rò pé ọ̀rọ̀ ọlọ́jà nìkan ni, ẹ gbọ́ èyí. Ní ọjọ́ 23 oṣù Keje 1983, ọkọ̀ òfurufú Air Canada kan, Boeing 767, gbéra láti Montreal, ó ń lọ sí Edmonton. Kánádà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kúrò lórí ìwọ̀n Gẹ̀ẹ́sì bọ́ sórí kílò nígbà náà. Ohun tó ń sọ bí epo ṣe kù sí nínú ọkọ̀ náà ò ṣiṣẹ́, wọ́n ní láti fọwọ́ ṣírò ó. Kílò 22,300 ni epo tí wọ́n nílò, lítà 7,682 ló sì wà nílẹ̀. Kí wọ́n lè sọ lítà di kílò, ó yẹ kí wọ́n fi 0.8 sọ ọ́ di púpọ̀, torí ìwúwo lítà kan epo náà ní kílò nìyẹn. 1.77 ni wọ́n lò, èyí tí í ṣe ìwúwo lítà kan ní pọ́ùn. Iye tó jáde jẹ́ pọ́ùn, wọ́n kà á sí kílò, wọ́n gbà pé epo ti pọ̀ nílẹ̀, wọ́n sì bu díẹ̀ lé e. Epo tí wọ́n gbé gòkè kò tó ìdajì èyí tó yẹ. Ẹ́ńjìnnì méjèèjì kú lókè níbi tó ga ju ẹsẹ̀ bàtà 20,000 lọ. Awakọ̀ náà fi ọkọ̀ ńlá yẹn léfòó bí àṣá títí ó fi balẹ̀ sí pápá ọkọ̀ òfurufú àtijọ́ kan ní Gimli. Èèyàn 69 ló wà nínú rẹ̀, kò sẹ́ni tó kú. Àwọn tó ṣírò náà kì í ṣe òpè. Nọ́ńbà nìkan ni wọ́n kọ sílẹ̀, wọn ò kọ orúkọ ìwọ̀n sí i nídìí.

Láti ibi kékeré, ẹ jẹ́ ká wo ibi tó tóbi. Omi tí ìlú ńlá ń lò, mítà lọ́nà mẹ́ta ni wọ́n fi ń kà á: àpótí tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mítà kan, ìgùn rẹ̀ mítà kan, ìga rẹ̀ mítà kan. Lítà 1,000 ló kún àpótí bẹ́ẹ̀. Táǹkì dúdú lítà 1,000 tó wà lórí òpó nílé ọ̀pọ̀ wa, ìwọ̀n kan ṣoṣo nìyẹn. Dáàmù Ọ̀yán, tí Ààrẹ Ṣàgàrí ṣí ní 1983, tí omi rẹ̀ ń ṣàn wọ odò Ògùn wá bá wa, wọ́n kọ́ ọ láti gba mílíọ̀nù 270 irú àpótí bẹ́ẹ̀, ìyẹn lítà bílíọ̀nù 270. Bí oníròyìn kan bá sọ pé dáàmù náà gba gálọ́ọ̀nù bílíọ̀nù 59, tí òmíràn ní bílíọ̀nù 71, kí ẹ má pe ẹnikẹ́ni lónírọ́. Ẹ bi wọ́n pé gálọ́ọ̀nù ti ta ni.

Lọ́dọ̀ àǹtí mi, ohun tí a ṣe ò gba owó. Mo mú ike funfun kan tí ojú ń ríran gbà, èyí tó ń gba lítà 20, mo gbé òṣùwọ̀n kílò kékeré wá. A gbé jọ́ọ̀gì sórí òṣùwọ̀n, a dá a padà sí òdo, a bu omi sí i títí ó fi di kílò kan, a dà á sínú ike, mo fi gègé dúdú fa ìlà. Lítà kan nìyẹn. A ṣe é bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejìdínlógún. Àǹtí mi jókòó lórí àpótí wọn, wọ́n ń wo ìlà bó ṣe ń gùn lọ sókè.

"Gálọ́ọ̀nù ìyá wa dà nínú gbogbo èyí?" wọ́n bi mí.

Mo mú àwọ̀ búlúù, mo fa ìlà sí 4.5, sí 9.1, sí 13.6 àti sí 18.2. Wọ́n ní kí n da omi garawa sínú rẹ̀ kí àwọn fi ojú ara wọn rí i. Mo dà á. Omi dúró sí ìlà búlúù kẹrin, wọ́n mi orí. Mo wá mú pupa, mo fa ìlà sí 3.8, 7.6, 11.4 àti 15.1.

"Ti ọmọ wa tó wà l'Ámẹ́ríkà nìyẹn, mà."

Wọ́n tẹ ìka mọ́ àárín ìlà kẹrin méjèèjì, búlúù lókè, pupa nísàlẹ̀, wọ́n fi ìka méjì wọn àlàfo náà bí ẹni ń wọn aṣọ.

"Ibí yìí ni aró wa gbà lọ," wọ́n ní.

Lọ́jọ́ kejì wọ́n ní kí n tú ọ̀rá èròjà kejì. Omi dé ìlà pupa kẹrin, wọ́n ní ó tó. Nígbà tí aṣọ jáde, atẹ́gùn fẹ́ sí i, ó ṣú lójú wa díẹ̀díẹ̀ títí ó fi di dúdú aró tí oníbàárà ń fẹ́. Wọ́n ti fọ garawa báyìí, wọ́n fi í bomi sí ewúro. Ike ló wà níwájú, wọ́n sì ti fún ìlà rẹ̀ lórúkọ: búlúù ni ìlà ìyá wa, pupa ni ìlà ọmọ wa, dúdú ni ìlà gbogbo ayé.